Àpótí Tí Mo Dì Mọ́ Ẹrù Èkó

Odòde, Ìdànrè,
Ọ̀sán Ọjọ́rú.

Morẹ́nikẹ́ mi, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni Ìbàdàn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé dáadáa lẹ wà, torí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ò ní jókòó kọ odindi ojú ewé mẹ́rin láti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á, bàbá rẹ kà á, Ìyá Sikirá tí kò mọ̀wé náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára.

Inú wa dùn pé ọkọ rẹ ríṣẹ́ tíṣà sí ilé ìwé tó wà ládùúgbò wa níbí. Ẹ ó dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní bá mi nílé. Ọ̀la ni mò ń lọ sí Èkó, torí ẹ̀gbọ́n rẹ Bọ́sẹ̀dé ti bímọ, ó sì ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ jòjòló. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ ló máa fún ọ ní lẹ́tà yìí. Bí o bá rí i pé ẹnu àpòòwé náà ti ṣí, má bi í léèrè, kò lè ṣe kó má kà á.

Ohun tí o bi mí ni pé: ìsọ̀ èso wa, ṣé kí o kàn bá mi mójú tó o títí n ó fi dé ni, àbí mò ń fà á lé ọ lọ́wọ́ pátápátá? O ní kí n má fepo bọyọ̀, kí n sọ ojú abẹ níkòó, torí ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́ ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n taipu, wọ́n sì fẹ́ kí o fèsì kí oṣù yìí tó parí. Ìbéèrè tó dáa ni. Màá dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń ṣe ìsọ̀ náà, torí bí o fẹ́ bí o kọ̀, ìwọ lo máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tí ẹ bá dé.

Kí o má baà máa wá àpótí ìjókòó mi káàkiri, jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: àpótí náà ń bá mi lọ sí Èkó. Mo ti dì í mọ́ ẹrù. Bàbá rẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé wọn ò ní àga l'Ékòó ni? Wọ́n á ní àwọn ará Ìdànrè máa ń gbé ìjókòó wá láti ilé." Jẹ́ kó máa sọ. Ìwọ mọ òfin àwa tí a wà ní ìlà ìsọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ ò mọ̀ ọ́n, ó sì dájú pé òun náà máa ka lẹ́tà yìí, nítorí náà màá tún un sọ.

Àpótí la fi ń mọ ẹni tó ni ìsọ̀. Bí ẹni tó ni ín bá rìnrìn àjò, tó sì gbé àpótí rẹ̀ dání, ìsọ̀ ń dúró dè é. Ẹni tó bá ń bá a tajà, orí ẹní ni onítọ̀hún máa jókòó, gbogbo èèyàn á sì mọ̀ pé adelé ni. Ṣùgbọ́n bó bá fi àpótí sílẹ̀, tí ẹlòmíràn sì jókòó lé e láti ìgbà tí agbálùmọ̀ bá ti ń já títí di ìgbà tí máńgòrò àkọ́kọ́ bá pọ́n, ìsọ̀ ti di ti onítọ̀hún nìyẹn. Kò sí ẹjọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀. Àwọn ìyá tó ṣe òfin yìí ti kú tipẹ́, a ò sì tíì rí ẹni tó láyà láti yí i padà.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Èkínní ni ọ̀rọ̀ agbálùmọ̀. Inú oko kòkó bàbá mi lójú ọ̀nà Aládé la ti ń ṣà á. Ṣíṣà ni mo wí o, mi ò ní kí o ká a. Agbálùmọ̀ tó bá fúnra rẹ̀ já ló máa ń dùn. Èyí tí wọ́n bá ká lórí igi, tàbí tí wọ́n gbọn igi kó tó bọ́, bó ti wù kó pọ́n tó, kíkan ló máa kan. Àárọ̀ kùtù ni kí o lọ, kí àwọn ewúrẹ́ tó ṣíwájú rẹ débẹ̀.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wa, bàbá rẹ ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó gun igi, ó sì gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń bá igi jà. Apẹ̀rẹ̀ kún, ọmọ mi. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin, mo ní mo rí ọkọ fẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú gbogbo wọn fún pọ̀, wọn ò lè sọ̀rọ̀, ìka ni wọ́n ń nà sí mi. Àwọn aláboyún nìkan ló padà wá tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n ní ṣé ó ṣẹ́ kù. Láti ọjọ́ náà la ti ní apẹ̀rẹ̀ kékeré kan lápá òsì, ti àwọn aláboyún ni, kíkan ló wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ sì ń sọ káàkiri títí di òní pé òun lòun dá ọjà aláboyún sílẹ̀ ní Ìdànrè. Bó bá ní òun fẹ́ ran ìwọ náà lọ́wọ́ lóko, fún un ní ọkọ́, kó lọ ro ìdí kòkó.

Èkejì, àwọn tó ń gun Òkè Ìdànrè. Ẹsẹ̀ òkè ni ìsọ̀ wa wà, gbogbo àlejò tó bá fẹ́ lọ wo ìlú àtijọ́ lókè ló ń gba iwájú wa kọjá. Má ṣe yọ ara rẹ lẹ́nu lórí ẹni tó ń gòkè. Ẹni tó ń gòkè kò nílò ẹnikẹ́ni. Bàtà rẹ̀ ń dán, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń sọ fún ọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ ká bọ̀, kí ló wà níbẹ̀?" Sọ pé kó rìn dáadáa. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni oníbàárà. Ó ti fi ọwọ́ gbé bàtà, ohùn ti lọ, orúnkún ń gbọ̀n, bí o bá gbé èèpo ọsàn síwájú rẹ̀, ó máa ná an.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo bó odindi agbọ̀n ọsàn kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gòkè, mo sì bẹ́ orí gbogbo rẹ̀ kí ó lè yá. Kò sẹ́ni tó rà. Ọyẹ́ fẹ́ sí i, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Àwa àti àwọn aládùúgbò la mu ọsàn náà mọ́jú, ẹnu sì ń ta wá fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, ìgbà tí o bá gbọ́ ohùn wọn tí wọ́n ń bọ̀ lókè ni kí o mú ọ̀bẹ, ìgbà tí oníbàárà bá sì nawọ́ ni kí o bẹ́ orí ọsàn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tòmátì. Mo fẹ́ fúnra mi sọ ọ́ fún ọkọ rẹ kí bàbá rẹ tó fi iyọ̀ sí i.

O mọ̀ pé nínú ìjọ Aládùúrà wa, bí aríran bá ríran sí èèyàn, ó lè ní kó wá èso oríṣi méje fún àdúrà. Àwa tí à ń ta èso fẹ́ràn aríran púpọ̀. Obìnrin kan sáré dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé kan, o ò tíì dáyé nígbà náà, ó ní èso méje lòun ń wá. Mo wo àtẹ mi. Ọsàn wà, ọsàn wẹ́wẹ́ wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn. Mẹ́fà péré. Ìyá Sikirá sì ń bẹ ní òdìkejì títì, ó na ọrùn, ó ń wò wá. Mi ò fẹ́ kí obìnrin náà sọdá sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo nawọ́ sẹ́yìn, mo mú nínú tòmátì tí mo rà fún ọbẹ̀ wa, mo nù ún, mo tò ó ti ìbẹ́pẹ. Obìnrin náà ní, "Màmá, ṣé èso nìyí?" Mo ní, "Ṣé abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti wú u ni?"

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, wòlíì wa gbé àwọn èso náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ọsàn, ó ní kí ayé obìnrin náà dùn. Ó gbé àgbọn, ó ní kí omi má gbẹ nínú ilé rẹ̀. Ó kan tòmátì. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó tún un wò. Gbogbo ìjọ yíjú sí mi, torí èmi nìkan ni ọlọ́sàn inú ìjọ. Mò ń wá ibi tí mo máa wọ̀. Wòlíì bá gbé ohùn sókè, ó ní, "Olúwa, má jẹ́ kí ọbẹ̀ tán nínú ìkòkò ọmọ Rẹ!" Àmín tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, bóyá ni wọn ò gbọ́ ọ dé Owena. Obìnrin náà padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní gbogbo àdúrà náà ló gbà, ṣùgbọ́n ti ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà. Síbẹ̀, Ìyá Olótòmátì ni àwọn akọrin ń pè mí títí di òní. Bó bá jẹ́ mẹ́fà lo ní, sọ pé mẹ́fà lo ní, kí o sì fi ẹnu ara rẹ darí oníbàárà sọ́dọ̀ Ìyá Sikirá fún ìkeje.

Ọ̀rọ̀ ti kan Ìyá Sikirá nìyẹn. Àtẹ rẹ̀ dojú kọ tiwa, ohun tí mò ń tà náà ló ń tà. A máa ń jà. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá lọ tí a ò jà, àwọn oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ni ara rẹ̀ ò yá nínú wa. Ìwọ náà máa bá a jà, kò sí bí o ṣe lè yẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń jà á. Bá a jà lórí ibòji, bá a jà lórí ewúrẹ́ rẹ̀, má fẹnu kan ọmọ rẹ̀. Kí ìjà sì parí kí ẹ tó palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, torí òun nìkan ló wà nítòsí tó máa gbé ẹrù rù ọ́, ìwọ nìkan lo sì wà nítòsí tó máa gbé e rù ú. Mo ti bínú palẹ̀ mọ́ rí láìparí ìjà. Mo dúró ti apẹ̀rẹ̀ mi, òun náà dúró ti tirẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òjò sì ń bọ̀. Òjò náà ló parí ìjà fún wa. Bó bá di ìgbà ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí tí ọ̀pẹ̀ òyìnbó rẹ̀ bá tán, fún un nínú tiwa kó rí tà fún àwọn tó fẹ́ ṣínu. Òun náà kì í jẹ́ kí ojú tì mí nígbà Kérésì.

Ẹ̀karùn-ún ni èyí àbí ẹ̀kẹfà, mi ò mọ ibi tí mo kà dé mọ́. Ohùn rẹ ni. Mo rántí bí o ṣe ń kiri ọsàn nígbà tí o wà ní kékeré. "Ẹ ra ọsàn," o máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, àwọn èèyàn á tẹ̀ síwájú láti bi ọ́ pé kí ló dé tí o ń sunkún. Má jẹ́ kí ìyẹn dà ọ́ láàmú. Gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan sí méjì, gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá sí títì, òórùn rẹ̀ á polówó ara rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Ìyá Sikirá ń pariwo tó fún ìsọ̀ méjì.

Kí n sọ ti ọkọ rẹ. Èèyàn dáadáa ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ wá kí wa lọ́jọ́sí, ó jókòó tì mí níbi ìsọ̀, ó sì bi mí pé, "Màmá, ẹ ti tà á tán, kí ló dé tí ẹ tún ń fi òmíràn kún un?" Èènì ni mò ń fún oníbàárà. Mi ò mọ̀ bóyá ní Ìbàdàn wọ́n ti fi òfin de èènì ni, ṣùgbọ́n níbí, oníbàárà tí kò bá gba èènì, ojú tí wọ́n fi ń wo ọ̀daràn ló máa fi wò ọ́. Èyí tó o gbọ́dọ̀ mọ̀ nìyí: má fi èyí tí kò dára ṣe èènì. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà èwe mi, mo rò pé ọgbọ́n ni. Èènì ni oníbàárà máa kọ́kọ́ jù sẹ́nu lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Bó bá kan, gbogbo ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ló ti kan lójú rẹ̀. Èyí tó dùn jù ni kí o fi ṣe èènì, kí o sì jẹ́ kí tíṣà máa ṣe ìṣirò rẹ̀ nílé ìwé.

Ó dáa. Mo mọ̀ pé o ti ń wo ìsàlẹ̀ ìwé bóyá ìdáhùn wà níbẹ̀. Mo ti ń sá fún ìbéèrè rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá bàbá rẹ ló ni ìsọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ọdún tí mo wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ó ní òun ń lọ kí àbúrò òun ní Òkìtìpupa, òun ò ní pẹ́. Ó pẹ́. Ó fi àpótí sílẹ̀. Èmi ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, mi ò mọ òfin kankan, ẹ̀yìn sì ń dùn mí, mo jókòó lé e. Nígbà tó fi máa dé, máńgòrò ti pọ́n. Ó dúró lójú títì, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ wá wò ó o! Ìyàwó mi fi ìdí gba ìsọ̀ mi!" Ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ mi, orí ẹní náà ló wà títí ó fi darúgbó, kò sì sí oníbàárà tó dé tí kò ní sọ fún pé, "Ẹ bá mi wo olè. Ìdí ló fi jalè." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ra ọsàn.

Èmi ò rẹ́rìn-ín dénú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé àpótí mi dání bí ìrìn àjò bá ti kọjá Àkúrẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹlòmíràn má ṣe mí bí mo ṣe ṣe é. Ìwọ gan-an ni mò ń bẹ̀rù, ọmọ mi. Ẹ̀rù pé o ò ní mọ̀ ọ́n ṣe kọ́ ló ń bà mí. Bí o bá mọ̀ ọ́n ṣe ńkọ́? Kí ni wọ́n á máa pè mí ní ìlú yìí bí wọn ò bá pè mí ní ọlọ́sàn mọ́?

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí Ìyá Sikirá fi wọlé wá kí mi pé ó dàbọ̀. Ó rí ẹrù mi nílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, àpótí náà ń lọ Èkó?"

Mo ní, "Ó ń lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ di ògiri mú. Ó ní, "O rántí ìgbà tí ìyá ọkọ rẹ ń lọ sí Òkìtìpupa? Èmi ni mo bá a kó ẹrù sínú mọ́tò. Odó ló gbé lọ! Odó, ọmọ odó, ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ata, àti ewúrẹ́ kan tó ń ké. Ẹni tó gbé odó lọ sí Òkìtìpupa, ṣé àpótí bíńtín yìí ló wá wúwo fún un?"

Mo ní, "Kí lò ń sọ?"

Ó ní, "Gbogbo ìlà ló mọ̀. Ó sọ fún wa kó tó wọkọ̀. Ó ní ara ti ń rẹ òun, ìyàwó òun sì mọ ọjà tà, ṣùgbọ́n bí òun bá kàn fún un, á ní òun ò lè gbà á. Ó ní ká má sọ fún ọ. A ò sì sọ."

Gbogbo ìgbà tó fi ń pè mí lólè lójú oníbàárà, inú rẹ̀ ń dùn sí mi. Mo sunkún díẹ̀, Morẹ́nikẹ́. Bàbá rẹ yọjú láti inú yàrá, ó ní òun náà mọ̀. Mo máa bá a sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn tí mo bá ti Èkó dé.

Mo ti tú ẹrù. Àpótí náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ibi ìdáná, mo ti fọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, gbé e lọ fún káfíńtà, má jẹ́ kí bàbá rẹ ràn ọ́ lọ́wọ́. Kọ̀wé sí àwọn ará Àkúrẹ́ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n taipu. Lọ́jọ́ Ajé, gbé àpótí sí àyè rẹ̀, jókòó lé e, kí o sì fara balẹ̀ níbẹ̀. Bí ọmọ Bọ́sẹ̀dé bá ti lágbára díẹ̀ ni màá padà, máńgòrò á ti pọ́n nígbà náà. Tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè mí lápá ọ̀tún, níbi tí òòrùn kì í dé. Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ máa sọ fún àwọn oníbàárà nípa ọmọ mi kan tó fi ìdí gba ìsọ̀ mi.

Kí Olúwa bá wa ṣọ́ gbogbo yín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń lọ sí Èkó lọ́la láìgbé ìjókòó dání.